Pápá gọ́ọ̀fù ìjọba tí ó ń kìlọ̀ fún àwọn tó wá gbá a: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Bethpage Black

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ikọ̀ Yúróòpù fi àmì 15 sí 13 borí ikọ̀ Amẹ́ríkà nínú ìdíje gọ́ọ̀fù Ryder Cup. Ohun tó rú ọ̀pọ̀ òǹkàwé lójú nínú ìròyìn náà ni ibi tí wọ́n ti gbá a: pápá ìjọba ni, ẹnikẹ́ni tó bá sanwó lè wọ̀ ọ́, síbẹ̀ pátákó kan wà níbẹ̀ tó ń kìlọ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n gbá dáadáa.

Ibo ni pápá yìí wà, ta ló sì ni ín?

Inú ọgbà ìgbafẹ́ Bethpage ni ó wà, ní Farmingdale, ní erékùṣù Long Island. Ìjọba Ìpínlẹ̀ New York ló ni ọgbà náà àti pápá gọ́ọ̀fù márùn-ún tó wà nínú rẹ̀.

Black túmọ̀ sí dúdú. Ṣé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ènìyàn ló wà níbẹ̀ ni?

Rárá, àwọ̀ ni wọ́n fi dá pápá márààrún mọ̀ yàtọ̀: dúdú, pupa, búlúù, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé.

Kí ni pátákó náà sọ gan-an?

Ó sọ pé pápá Black le púpọ̀púpọ̀, àti pé àwọn tó dáńgájíá nínú gọ́ọ̀fù nìkan ni àwọn aláṣẹ gbà nímọ̀ràn láti gbá a. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ihò àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé e kọ́ sí (nínú gọ́ọ̀fù, ihò tún ni orúkọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí a ń gbá bọ́ọ̀lù gbà títí yóò fi bọ́ sínú ihò rẹ̀), ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń dúró ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Kò sí ẹni tí yóò dá ọ padà nítorí pé o kò mọ̀ ọ́n gbá tó.

Báwo ni pápá tí ìjọba ṣe fún gbogbo ènìyàn ṣe le tó báyìí?

Níbí ni àṣìlóye ti pọ̀ jù. Nígbà tí a bá ní pápá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ohun tí a ń sọ ni ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé. A kò tíì sọ nǹkan kan nípa bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Ní ọdún 1936 ni wọ́n ṣí Black, lásìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ tí ìjọba sì ń gba àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ síṣẹ́ láti kọ́ àwọn ohun tí ará ìlú yóò máa lò. A. W. Tillinghast, ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán pápá gọ́ọ̀fù tó lórúkọ jù nígbà náà, kópa nínú yíya àwòrán rẹ̀. Wọn kò fún mẹ̀kúnnù ní ohun tí kò dára tó ti olówó. Èmi ka èyí sí ọ̀wọ̀ ńlá, ó sì dùn mọ́ mi pé ọ̀wọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní ọdún 2002, wọ́n gbá ìdíje U.S. Open níbẹ̀. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù ló ń borí. Iye gbígbá tí wọ́n retí lọ́wọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ 280. Tiger Woods tó gba ife lo 277, kò sì sí ẹlòmíràn tí tirẹ̀ kéré sí 280.

Òkè pọ̀ ní Black. Kí ni òkè ń ṣe fún bọ́ọ̀lù?

Ẹni tó dàgbà sí Ìdànrè tàbí Abẹ́òkúta mọ̀ pé ibi tí ojú rí pé kò jìnnà lè gba agbára púpọ̀ bí ó bá wà lórí òkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún bọ́ọ̀lù. Èyí tí a gbá sókè máa ń tètè kan ilẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ga wá pàdé rẹ̀ kí ó tó parí ìrìn rẹ̀. Èyí tí a gbá sí ìsàlẹ̀ yóò sì rìn jìnnà ju bí a ti rò lọ. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí a fi yáàdì kan kún jíjìn rẹ̀ fún yáàdì kọ̀ọ̀kan tí ibi tí a ń lọ bá fi ga ju ibi tí a dúró sí. Ní ihò kẹẹ̀ẹ́dógún Black, òkè tí ihò wà lórí rẹ̀ ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50, ìyẹn bí yáàdì 17. Nítorí náà, ẹni tó dúró nísàlẹ̀, tí ó sì kù ú ní yáàdì 150, gbọ́dọ̀ gbá a bí ẹni pé ó kù ní 167.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ pàápàá kì í dúró déédéé. Bí bọ́ọ̀lù bá wà níbi tó ga ju ẹsẹ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún lọ, òsì ni yóò máa yà sí. Bí ó bá rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń lọ sí ọ̀tún. Ẹni tó gbá a dáadáa ní ilẹ̀ títẹ́jú lè rò pé ọwọ́ òun ló bàjẹ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Ní ihò kẹrin, àwọn kòtò iyanrìn ńlá tún dábùú ọ̀nà, ilẹ̀ sì ń ga sí i ní ìpele-ìpele lẹ́yìn wọn.

Ṣé a lè fi ọkọ̀ kékeré orí pápá rìn ín?

Rárá. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń rin Black.

Ṣé ẹni tó wá láti Nàìjíríà tàbí Lọ́ńdọ̀nù lè gbá a?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n owó tí àlejò ń san pọ̀ ju ti ará Ìpínlẹ̀ New York lọ, ará ìpínlẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ láǹfààní láti gba àyè. Àwọn tí kò bá rí àyè gbà ṣáájú máa ń sun inú mọ́tò wọn mọ́jú níbi ìgbọ́kọ̀sí ọgbà náà, kí wọ́n lè wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ gbá a ní òwúrọ̀.

Kí ni kí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe?

Kí ó kọ́kọ́ gbá pápá Yellow tàbí Green nínú ọgbà kan náà. Bí ó bá wá di Black, kí ó bẹ̀rẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ iwájú, nítorí pé láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn pátápátá, gígùn pápá náà lé ní yáàdì 7,400. Kí ó mú bọ́ọ̀lù púpọ̀ dání, kí ó sì wọ bàtà tó ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sínú koríko gíga, kí ó gbá a padà sójú ọ̀nà; wíwá ọ̀nà àbùjá níbẹ̀ ló máa ń sọ àṣìṣe kan di mẹ́ta.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù?

Ooru oṣù Keje àti Kẹjọ ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rù fún àwọn àgbà wa, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, nítorí pé ìrìn wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lórí òkè pẹ̀lú àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù léjìká kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Kí wọ́n bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n sì máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Èkejì ni mọ̀nàmọ́ná: bí ààrá bá ti ń sán, kí wọ́n sọ ọ̀pá sílẹ̀, kí wọ́n má ṣe sá sábẹ́ igi, kí wọ́n yára wọ inú ilé tàbí inú mọ́tò onírin tó ní òrùlé, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, kí wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn ààrá tí wọ́n gbọ́ gbẹ̀yìn.