Kì í ṣe gbogbo ewé ni àbámọdá

Ìgbàgbọ́ kan wà tí kò fẹ́ tán láàárín àwọn tó ń gbin òdòdó sílé: pé òdòdó yòówù tí ewé rẹ̀ bá ti nípọn, tó kún fún omi, ewé kan ṣoṣo ti tó láti fi sọ ọ́ di mẹ́wàá. Wọ́n á já ewé Kalanchoe olódòdó, ìyẹn òdòdó kékeré inú ìkòkò tí wọ́n rà lẹ́bàá títì, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ nínú ìkòkò, wọ́n á máa wọ́n omi sí i láràárọ̀. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé ti rà. Bí kò bá rà, á kàn wà níbẹ̀ ní tútù láì hu nǹkan kan. Wọ́n á wá ní ọwọ́ àwọn kò dára fún òdòdó gbíngbìn. Ọwọ́ wọn kọ́. Ohun tí wọ́n gbìn ni kò ní ohun tó lè hù nínú.

Ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá kò ṣòro rí. Ta ni kò mọ àbámọdá? Já ewé rẹ̀ kan, jù ú sẹ́yìn ilé, tàbí kí o fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ ara ògiri níbi tí kò ti sí erùpẹ̀ rárá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ á yọ yí etí ewé náà ká, pẹ̀lú gbòǹgbò àti ewé tìrẹ. Abájọ tí wọ́n fi ń pè é lọ́fọ̀ pé àbá tí àbámọdá bá dá ló ń ṣẹ. Kì í ṣe àwa nìkan ló yà lẹ́nu. Goethe, akéwì ará Jámánì nì, fẹ́ràn igi yìí débi pé ó máa ń fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè wo bó ṣe ń bímọ.

Ohun tó tún mú kí ọ̀rọ̀ náà dà bí òótọ́ ni pé ìbátan ni wọ́n lóòótọ́. Àbámọdá, òdúndún, àti Kalanchoe olódòdó pupa, olómi ọsàn tàbí aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń tà nínú ìkòkò kékeré, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Ilẹ̀ Áfíríkà ni òdúndún ti wá. Erékùṣù Madagascar ni àwọn méjì yòókù ti wá. Robert Blossfeld, oníṣòwò irúgbìn ní ìlú Potsdam ní Jámánì, ló mú olódòdó náà jáde fún títà ní 1932, òun ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ ní Kalanchoe blossfeldiana. Ṣùgbọ́n pé èèyàn méjì jẹ́ ọmọ bàbá kan náà kò sọ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa nìyí, torí pé bí èyí bá yé èèyàn, ìyókù rọrùn. Kí apá kan lára igi tó lè di igi mìíràn, ohun méjì ló gbọ́dọ̀ yọ lára rẹ̀: gbòǹgbò nísàlẹ̀, èhù lókè. Ọ̀kan nínú wọn kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Gbòǹgbò lè yọ lára ọ̀pọ̀ nǹkan. Èhù ní tirẹ̀ sábà máa ń yọ láti ojú ni, ìyẹn ibi kékeré tí igi ti tọ́jú ẹ̀ka ọ̀la pa mọ́ sí. Àgbẹ̀ mọ èyí láì kàwé. Igi ẹ̀gẹ́ ló ń gé gbìn, ó sì ń wò ó kí ojú bíi márùn-ún sí méje wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbin ewé ẹ̀gẹ́. Oríkèé ìrèké ló ń wá kó tó ri ìrèké mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan òdòdó inú ìkòkò, a máa ń gbàgbé ohun tí a mọ̀ lóko.

Níbo wá ni ojú wà? Lára àbámọdá, etí ewé ló wà. Wo àwọn ibi tí etí ewé náà ti gé wọlé bí eyín ayùn: inú kòtò kọ̀ọ̀kan ni ọmọ ti sùn sí láti ìgbà tí ewé ti wà ní kékeré. Níwọ̀n ìgbà tí ewé bá ṣì so mọ́ ìyá rẹ̀, ìyá ń dá a dúró. Bí wọ́n bá já a, ìdádúró yẹn tán, ọmọ jí. Lára Kalanchoe olódòdó, ojú kò sí létí ewé. Abíyá ewé ló wà, níbi tí ọrùn ewé ti so mọ́ igi. Bí o bá já ewé náà, ojú ṣẹ́ kù sára igi. Ewé ló wá sọ́wọ́ rẹ, ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni pé ewé bẹ́ẹ̀ lè ta gbòǹgbò. Wọ́n á fà á sókè, wọ́n á rí gbòǹgbò funfun bí okùn ìránṣọ, inú wọn á dùn pé ó ti hù. Kò tíì hù. Ewé tó ní gbòǹgbò tí kò ní ojú lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kó máa mumi, kó tiẹ̀ nípọn sí i, kó tó pọ́n kó sì kú. Nítorí náà ni ìyẹ̀fun amúgbòǹgbòyọ tí wọ́n ń tà kò fi yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Gbòǹgbò ló wà fún, kò lè dá ojú síbi tí kò sí. Oyin tí wọ́n ní ká fi pa ìdí ewé kò lè dá a, oje ahọ́n erin (aloe vera) kò lè dá a, omi ìrẹsì kò lè dá a. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán ewé Kalanchoe tó ní gbòǹgbò hàn ọ́, ní kó fi ti oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn hàn ọ́.

Ẹ̀ka ni kí o gé. Yan èyí tí kò ní òdòdó lórí, torí ẹ̀ka olódòdó á ná agbára rẹ̀ tán sórí òdòdó. Fi sípíríìtì nu abẹ, gé ẹ̀ka tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, kí ibi tí o ti gé e wà nísàlẹ̀ oríkèé kan, já àwọn ewé ìsàlẹ̀, fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ lókè. Tẹ́ ẹ síbi ìbòòji fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Àwọn tí kò ní sùúrù fún ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ìdí ẹ̀ka wọn ń dúdú, tó ń rọ̀, tó sì ń rùn.

Erùpẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá kíá: yanrìn ìwọ̀n méjì, erùpẹ̀ ewé jíjẹrà ìwọ̀n kan, èédú tí a fọ́ wẹ́wẹ́ ìwọ̀n kan. Yanrìn tí wọ́n fi ń po kọnkéré ló dára. Èyí tó kúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri máa ń dì pọ̀ bí símẹ́ǹtì tó bá ti mumi, yanrìn etí òkun sì ní iyọ̀. Ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò nídìí. Ki ẹ̀ka náà bọ ilẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3, kí oríkèé kan ó kéré tán wà nínú ilẹ̀. Má bomi rin ín fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tí ìka rẹ bá kan erùpẹ̀ gbígbẹ nìkan ni kí o bomi sí i. Má ṣe fi ọ̀rá bò ó. Gbòǹgbò máa ń yọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Nígbà òjò, abẹ́ òrùlé ni kó wà.

Mi ò sọ pé ewé kò lè bímọ láéláé. Ewé Echeveria, òdòdó mìíràn tí ewé rẹ̀ nípọn, ń hù dáadáa bí ìdí rẹ̀ bá jáde lódindi, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń yọ. Ewé Kalanchoe olódòdó náà a máa hù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá torí pé èépá igi àti ojú abíyá bá a já. Bí o bá fẹ́ dán an wò, fi abẹ gé ewé pẹ̀lú bíńtín igi ibi tó so mọ́, má fọwọ́ já a. Ṣùgbọ́n kí èèyàn má fi ìyẹn ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo nígbà tó jẹ́ pé igi kan ló ní.

Ti desert rose, òdòdó tí ìdí rẹ̀ máa ń wú, tí wọ́n ń pè ní Adenium, tún yàtọ̀. Ewé rẹ̀ kò wúlò rárá fún gbíngbìn. Ẹ̀ka tó tóbi tó àtàńpàkò, tí wọ́n fi gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, lè ta gbòǹgbò láàárín oṣù kan àbọ̀ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í sábà wú bíi ti èyí tí wọ́n gbin kóró rẹ̀. Bó bá jẹ́ torí ìdí gbàǹgbà yẹn lo ṣe fẹ́ ẹ, wá kóró tuntun. Kóró tó dára á hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Bí Kalanchoe tí o fi ẹ̀ka gbìn bá dàgbà tí kò tanná, má dá a lẹ́bi pé ẹ̀ka ló ti wá. Òru gígùn ló ń dúró dè, bíi wákàtí 14 òkùnkùn biribiri lójúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òru tiwa kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju 12 lọ. Iná ìta tó ń tàn sí i tún ń gé òru náà kúrú. Fi páálí bò ó láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀, kí o sì ṣí i kó rí ìmọ́lẹ̀ dáadáa lọ́sàn-án.

Ohun kan wà tó ká mi lára ju ewé tó rà lọ. Torí pé a mọ òdúndún àti àbámọdá sí ewé ìtọ́jú, àwọn kan lè rò pé olódòdó náà ṣeé gún, ṣeé fún sí omi àgbo ọmọ. Ẹ má dán an wò. Ìdílé Kalanchoe ní èròjà olóró kan tó ń da lílù ọkàn láàmú, ó sì máa ń pọ̀ jù nínú òdòdó. Ní Ọsirélíà, àwọn ìbátan àbámọdá tó hù káàkiri pápá ti pa màlúù tó jẹ wọ́n. Ti Adenium le ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ọdẹ láwọn ibì kan ní Áfíríkà ń fi oje rẹ̀ sórí ọfà. Bí o bá ń gé e, wọ ìbọ̀wọ́, fi ọṣẹ fọ abẹ, má fi ọwọ́ kan ojú ara rẹ. Gbé ìkòkò sókè kúrò níbi tí ewúrẹ́ lè dé, kó o sì kó àwọn ewé tí o gé kúrò nílẹ̀ kí ọmọdé tó jí.