Ẹ Wo Kọ́rẹ́ǹtì Kí Ẹ Tó Tẹ Rísẹ́ẹ̀tì

Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé: “Ẹnjiníà, nígbà tí mo ti lè pa páwà sọ́púláì láti orí kọ̀ǹpútà, kí ni mo tún fẹ́ fi súìṣì ara ògiri ṣe?” Ẹ ṣì máa nílò rẹ̀ o.

Páwà sọ́púláì tí mò ń sọ yìí, ìyẹn ohun tó ń yí iná ògiri padà sí irú tí ẹ̀rọ lè lò, kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Mọ́dù bíi mélòó kan ló tò sínú àpótí, tí wọ́n jọ ń gbé ẹrù kan náà. Èyí tó bá bàjẹ́, ẹ fà á yọ, ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wáyà tó nípọn ń gbé iná lọ, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà tí kì í gbé ju àṣẹ àti ìròyìn lọ.

Wáyà àṣẹ kò le: ẹ so ó mọ́ ibi òdo fóòtì, mọ́dù á gbọ́. Ohun tó máa gbọ́ ni kì í bára mu. Nínú páwà sọ́púláì kọ̀ǹpútà orí tábìlì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ATX, wáyà àṣẹ sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ ewé. Bó bá kan òdo, iná dé. Nínú àwọn mìíràn, bó bá kan òdo ni iná ń lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó rà á, ẹ béèrè: bí eku bá gé wáyà yìí lóru, ṣé mọ́dù á kú ni àbí á máa ṣiṣẹ́ lọ? Fún ẹ̀rọ tó lè gé ènìyàn lọ́wọ́, èmi fẹ́ kó kú, bọ́tìnnì pàjáwìrì tó ń gé iná gan-an sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fún ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ orí òkè tí ènìyàn kì í tètè dé, kó máa ṣiṣẹ́ lọ.

Bí a sì ti ń pè é ní kíkú yìí, sísùn ló sùn. ATX ṣì ń gbé fóòtì 5 jáde níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó níná. Mọ́dù tó ń jẹ fóòtì 230 lè ní ohun tó ju fóòtì 300 lọ nínú kapásítọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ sínú, nígbà tí mítà yín ń ka òdo lójú ọ̀nà àbájáde. Iṣẹ́ súìṣì ara ògiri nìyẹn. Ẹ pa á tán, kí ẹ tún ní sùúrù kí kapásítọ̀ tú ohun tó gbé mì sílẹ̀.

Wáyà ìròyìn ni mo fẹ́ràn jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í rántí so. Fóòtì tí ẹ bá kà lórí rẹ̀ ló ń sọ iye kọ́rẹ́ǹtì tí mọ́dù ń gbé. Bí ìwé mọ́dù bá ní fóòtì 5 dúró fún áḿpì 20, 2.5 tí ẹ bá kà, áḿpì 10 ni. Ẹ wá wo mọ́dù mẹ́rin tó jọ ń gbé áḿpì 40. Mẹ́wàá mẹ́wàá ló yẹ kí wọ́n gbé. Bí ọ̀kan bá ń ka 4 tí àwọn yòókù ń ka 12, iná kò lọ, ẹnikẹ́ni kò pariwo, àmọ́ ọ̀kan ti ń sá fún iṣẹ́. Ọjọ́ tó bá kú pátá, áḿpì 13 àti díẹ̀ ló máa kan àwọn mẹ́ta tó kù. Bí agbára wọn bá mọ ní 12, wọn á tẹ̀lé e.

Rísẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnnì tó ń jí mọ́dù tó ti kú, òun wá ńkọ́? Bí ẹrù ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ mọ́dù á máa tàn, á máa kú, títí wàhálà á fi kúrò. Bí fóltéèjì ló ròkè jù, ó sábà máa ń ti ara rẹ̀ pa, kò sì ní jí àfi tí ẹ bá yọ àṣẹ tàbí iná rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí kọ́rẹ́ǹtì ń kà kí mọ́dù tó já, ìyẹn kó tó pa ara rẹ̀. Bí kọ́rẹ́ǹtì bá fò sókè lójijì, ó ṣeé ṣe kí wáyà ti bríìjì. Bó bá ń gùn díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ lọ wo mọ́tò tàbí fáànù tó ń há. Bí kò bá yí padà rárá, mọ́dù fúnra rẹ̀ ni mo máa fura sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbà kí ènìyàn tẹ rísẹ́ẹ̀tì láti òkèèrè. Bó bá tún já, ẹ lọ síbẹ̀. Mo ti bá wáyà tó di èédú pàdé rí, nítorí ẹni tó jókòó sí yàrá tútù tó ń tẹ bọ́tìnnì ṣáá.

Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì jọ já, ẹ má jí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kọ́kọ́ jí á bá áḿpì 40 pàdé lóun nìkan, á sì tún ṣubú kí èkejì tó lajú. Ẹ so wáyà àṣẹ wọn pọ̀ kí wọ́n lè jọ dìde.