Èébú orí ayélujára àti ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́

Èébú orí ayélujára ni ọ̀rọ̀ àbùkù tí ẹnì kan kọ nípa ẹlòmíràn sábẹ́ ìròyìn, sójú ìwé Facebook, sórí Twitter tó ti di X báyìí, tàbí sínú àwùjọ WhatsApp. Ó lè di ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dà á. Ohun tí ilé-ẹjọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè máa ń wò kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó, tàbí bó ṣe dun ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí tó. Wọ́n máa ń wò ó bóyá ẹni tó kà á yóò gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń ròyìn, àti bóyá ìròyìn náà lè mú kí àwọn èèyàn máa fojú burúkú wo ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: olè. Bí àwọn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì bá ń tahùn síra wọn lábẹ́ fídíò kan, tí ọ̀kan wá kọ ọ́ pé “Olè ni gbogbo yín! Olórí burúkú!”, kò sẹ́ni tí yóò kà á tí yóò rò pé ẹnì kan jalè níbì kan. Ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fara balẹ̀ kọ ọ́ sínú àwùjọ WhatsApp pé “Owó tí a dá jọ ní oṣù kẹta ni akápò wa fi ra ọkọ̀ tó ń gùn yẹn”, kò pe ẹnikẹ́ni lólè, kò sì bú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ gbólóhùn yìí ló lè gbé e dé ilé-ẹjọ́. Ó tọ́ka sí ẹni kan pàtó, ó sọ ohun tó ṣe, ó sì sọ ìgbà tó ṣe é. Ẹ̀sùn ni, kì í ṣe èébú.

Ohun tí olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn

Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin wọn ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ohun mẹ́ta ni olùpẹjọ́ máa ń kọ́kọ́ fi hàn: pé ẹlòmíràn yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀ rí ọ̀rọ̀ náà, pé òun ni wọ́n ń bá wí, àti pé ọ̀rọ̀ náà bu òun kù lójú àwọn tó mọnúúrò. Èébú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun nìkan níkọ̀kọ̀ kò tíì ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lójú ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó rùn tó. Ó lè jẹ́ ìhalẹ̀mọ́ni tàbí ìyọnilẹ́nu, òfin mìíràn ló sì ń rí sí ìyẹn. Kò di dandan kí wọ́n dárúkọ ẹni náà. Bí àwọn tó kà á bá ti mọ ẹni tí “ọ̀gá onírùngbọ̀n ibi iṣẹ́ wa” jẹ́, ó ti tó.

Kò sì dìgbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá kà á. Ní oṣù kìn-ín-ní 2010, Lalit Modi, tó jẹ́ ọ̀gá ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì IPL ní Íńdíà nígbà náà, kọ ọ́ sórí Twitter pé wọ́n yọ Chris Cairns, ọmọ New Zealand tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, kúrò nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ rà nítorí pé ó ti lọ́wọ́ sí màgòmágó eré. Nǹkan bí èèyàn 65 péré ni wọ́n ṣírò pé ó ka ọ̀rọ̀ náà ní England àti Wales. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ ní London ní kí Modi san £90,000 owó gbà-má-bínú fún Cairns.

Òfin tí England àti Wales ṣe ní 2013, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2014, fi ohun kẹrin kún un: ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti ṣe ìpalára ńlá fún orúkọ olùpẹjọ́, tàbí kó ṣeé ṣe kó ṣe é. Ní 2019, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ níbẹ̀ ṣàlàyé pé ohun tí ọ̀rọ̀ náà fà ní ti gidi ni kí wọ́n wò, kì í ṣe bó ṣe dún létí nìkan. Orí òkúta yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ èébú ti máa ń fọ́.

Ọwọ́ ló kọ ọ́, bí ẹnu ló rí

Láti ayébáyé ni òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti pín ìbanilórúkọjẹ́ sí méjì: èyí tí wọ́n fẹnu sọ, tí afẹ́fẹ́ gbé lọ, àti èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí kò lọ mọ́. Àkọsílẹ̀ ló le jù, nítorí pé lábẹ́ òfin àtijọ́ yẹn, ẹni tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kò ní láti fi hàn pé òun pàdánù owó kankan kó tó lè pẹjọ́. Ohun tí èèyàn bá tẹ̀ sórí ayélujára wà lára àkọsílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni pé bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ ọ́ kò jọ ìwé kíkọ rárá.

Adájọ́ Eady sọ irú rẹ̀ ní London ní 2008, nínú ẹjọ́ kan tó dá lórí ìjíròrò àwọn tó ń ra ìpín ìdókòwò lórí ìkànnì ADVFN. Ó ní ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ dà bí ìtàkúrọ̀sọ nílé ọtí: wọ́n ń já lu ara wọn, wọn kì í ronú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú rẹ̀, ó sún mọ́ àfẹnusọ ju àkọsílẹ̀ lọ, èébú lásán ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdájọ́ yẹn kò sọ àkọsílẹ̀ di àfẹnusọ nínú òfin. Bó ṣe yẹ kí adájọ́ ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń sọ.

Ìdájọ́ tó tún ṣàlàyé èyí jù ni ti Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní London ní oṣù kẹrin 2019. Obìnrin kan kọ ọ́ sí Facebook, nígbà tó ń bá ọ̀rẹ́bìnrin tuntun ọkọ rẹ̀ àtijọ́ fa ọ̀rọ̀, pé ọkùnrin náà gbìyànjú láti fún òun lọ́rùn. Adájọ́ àkọ́kọ́ ṣí ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ìwé náà fi ìtumọ̀ méjì hàn: kí èèyàn fún ẹni lọ́rùn pa, tàbí kó kàn fún ọrùn ẹni títí yóò fi dunni. Adájọ́ wá rò ó pé bó bá jẹ́ ìtumọ̀ kejì ni obìnrin náà ní lọ́kàn, kò ní kọ “gbìyànjú”. Nítorí náà ó ń sọ pé ọkùnrin náà fẹ́ pa òun ni, obìnrin náà sì ti jẹ̀bi nìyẹn. Yorùbá ìbá ti gba adájọ́ náà lọ́wọ́ wàhálà yìí, nítorí “pa” kékeré tó máa ń kẹ́yìn “fún lọ́rùn” ni yóò sọ èyí tí à ń wí. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ yí ìdájọ́ yẹn padà. Wọ́n ní ẹni tó ń ka Facebook kì í gbé ìwé ìtumọ̀ dání. Ńṣe ló ń yí i lọ wéré wéré, ohun tó bá kọ́kọ́ yé e náà ló ń mú lọ. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa gbọ́ ni pé ọkùnrin náà di obìnrin yìí lọ́rùn mú, ìyẹn sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Kíkà lọ́nà yìí lè gbe ẹni tó kọ ọ́, ó sì lè kó bá a. Ní 2012, nígbà tí ariwo ń lọ pé òṣèlú kan tí wọn kò dárúkọ bá àwọn ọmọdé ṣe ìṣekúṣe, Sally Bercow, ìyàwó olórí ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, béèrè lórí Twitter pé kí ló dé tí orúkọ Lord McAlpine, òṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ń jà ràn-ìn, ó wá fi “ojú aláìmọwọ́-mẹsẹ̀” kún un. McAlpine kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè lásán ni gbólóhùn náà bí a bá ka ẹyọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún 2013 Adájọ́ Tugendhat ní ojú tó fi kún un yẹn gan-an ló fẹ̀sùn kan ọkùnrin náà. Ní Ọsirélíà ní 2020, adájọ́ kan ní Sydney gbà pé emoji ojú tí wọ́n fi síìpù pa lẹ́nu dé lè ru ìtumọ̀ tó ń ba orúkọ jẹ́, láìsí lẹ́tà kankan.

Èébú lásán

Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi lélẹ̀ ní 1990 ni pé ọ̀rọ̀ tó ṣeé yẹ̀ wò, tí a lè fi ẹ̀rí sọ pé òótọ́ ni tàbí irọ́, ló lè di ìbanilórúkọjẹ́. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí hàn pé ẹnì kan jẹ́ òpònú. Ṣùgbọ́n fífi “lójú tèmi” ṣíwájú ọ̀rọ̀ kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀: “lójú tèmi, ó purọ́ níwájú adájọ́” ṣì jẹ́ ẹ̀sùn tó ṣeé yẹ̀ wò.

Ẹjọ́ tí gbogbo ayé gbọ́ ni ti Elon Musk. Ní oṣù keje 2018, ó kọ ọ́ sórí Twitter pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, tó kópa nínú bí wọ́n ṣe yọ àwọn ọmọdé agbábọ́ọ̀lù tó há sínú ihò ní Thailand, jẹ́ ẹni tó ń bá ọmọdé ṣèṣekúṣe. Ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ fi ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré tí Musk gbé wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá ka gbólóhùn Musk bó ṣe wà, kò sí ẹ̀sùn tó burú tó bẹ́ẹ̀. Àlàyé Musk ní Los Angeles ni pé èébú tí wọ́n máa ń bú èèyàn níbi tí òun gbé dàgbà ní South Africa ni, àti pé kò sẹ́ni tó lè kà á sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2019, àwọn aráàlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ náà dá Musk láre. Wọn kò lò tó wákàtí kan.

Kì í ṣe gbogbo èébú ló ń rí ọ̀nà lọ báyìí. Lọ́dún 1996, ṣáájú Facebook, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní London gbà pé pípe òṣèré Steven Berkoff ní ẹni tí ìrísí rẹ̀ burú jáì lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, nítorí pé ojú àwọn èèyàn ni òṣèré fi ń jẹun. Àwọn adájọ́ náà kò fẹnu kò lórí rẹ̀.

Ibi tí èébú fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀

Gbogbo èyí yàtọ̀ níbi tí òfin ti ya èébú sọ́tọ̀. Òfin ilé iṣẹ́ ìròyìn tí Faransé ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1881 sọ ọ́ kedere: ìbanilórúkọjẹ́ ni kí wọ́n ka ohun kan sí ẹnì kan lọ́rùn, èébú ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn tí kò ka ohunkóhun sí i lọ́rùn. Méjèèjì ló ní ìjìyà tirẹ̀. Ní Jámánì, abala 185 nínú ìwé òfin ọ̀daràn wọn wà fún èébú nìkan. Ní 2019, ilé-ẹjọ́ kan ní Berlin wo ọ̀rọ̀ 22 tí wọ́n fi bú òṣèlú Renate Künast lórí Facebook, ó ní kò sí èyí tó rú òfin. Àríwísí pọ̀ lórí ìdájọ́ yẹn, wọ́n sì ti gé e kù kí ó tó dé iwájú ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀, èyí tó sọ ní oṣù kejìlá 2021 pé àwọn adájọ́ ìsàlẹ̀ kò gbé iyì ẹni tí wọ́n bú sórí ìwọ̀n bó ṣe yẹ. Ní Jàpáànù, lẹ́yìn ikú Hana Kimura, oníjàkadì tí wọ́n bú kíkankíkan lórí ayélujára kó tó kú ní 2020, wọ́n mú ìjìyà èébú le sí i ní 2022, títí dé ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí owó ìtanràn 300,000 yen.

Ta ni yóò dáhùn?

Ẹni tó kọ ọ́ ni ẹni àkọ́kọ́, orúkọ àdàpè kò sì fi bẹ́ẹ̀ bò ó, torí ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tó tún ọ̀rọ̀ náà pín lè bá a pín ẹ̀bi, ṣùgbọ́n Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Kánádà sọ ní 2011 pé fífi líǹkì lásán tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kò túmọ̀ sí pé èèyàn gbé ọ̀rọ̀ náà síta.

Lórí ẹni tó ni ìkànnì, kò sí ìṣọ̀kan. Òfin Amẹ́ríkà ti 1996, ní abala 230, kò jẹ́ kí wọ́n ka ìkànnì sí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn kọ síbẹ̀ jáde. Ní Strasbourg, Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù fara mọ́ ìdájọ́ tó ní kí ìkànnì ìròyìn Delfi ní Estonia san 320 euro nítorí ọ̀rọ̀ ìhalẹ̀ àti ìkórìíra tí àwọn òǹkàwé kọ sábẹ́ ìròyìn kan. Ìyẹn jẹ́ ní 2015. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí ilé-ẹjọ́ yẹn kan náà fi dá àwọn ìkànnì méjì kan ní Hungary láre, nítorí pé èébú ni ọ̀rọ̀ tibẹ̀, kò sí ìkórìíra tàbí ìhalẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Ọsirélíà ní àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn tó ṣí ojú ìwé Facebook, tí wọ́n pe àwọn èèyàn wá sọ̀rọ̀ síbẹ̀, ló gbé ohun tí àwọn èèyàn yẹn kọ jáde.

Píparẹ́

Pípa ọ̀rọ̀ rẹ́ kíá lè dín ìyà kù, kì í pa ẹjọ́ rẹ́, pàápàá nígbà tí ẹnì kan bá ti ya àwòrán rẹ̀ pamọ́. Ní oṣù karùn-ún 2015, Katie Hopkins ṣi Jack Monroe, tó máa ń kọ̀wé nípa oúnjẹ, mú fún ẹlòmíràn, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí Twitter bóyá ó ti ba ìrántí àwọn ọmọ ogun jẹ́. Kò ju wákàtí díẹ̀ lọ tó fi pa á rẹ́. Monroe ní kí ó tọrọ àforíjì, kí ó sì fi £5,000 ta àwọn aṣàánú lọ́rẹ; Hopkins kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2017, Adájọ́ Warby ní kí ó san £24,000, yàtọ̀ sí owó agbẹjọ́rò tó ju ìyẹn lọ fíìfíì. Adájọ́ náà so àfikún kan mọ́ ìparí ìdájọ́ rẹ̀ láti ṣàlàyé bí Twitter ṣe ń ṣiṣẹ́.