Ìjà ojú oorun kì í ṣe ẹ̀rí ìkùnsínú

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán nílẹ̀. Ẹnì kan á ta jí ní ìdájí, á ní òun lá àlá pé eégún ń lé òun, tàbí pé òun ń fi àdá lé èèyàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn alálàyé ti dé. Àwọn ti ilé á ní ogun òru ni, ẹni tí ó rí lójú àlá ni kí wọ́n lọ bá. Àwọn ọ̀mọ̀wé orí fóònù á ní rárá o, ìbínú tó ti ń gbé mì láti kékeré ló ń jáde, ìwà rẹ̀ gan-an ló hàn yẹn. Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò jọra. Ọ̀kan náà ni: wọ́n sọ àlá di ẹlẹ́rìí. Àwọn kan fi ń jẹ́rìí mọ́ aládùúgbò, àwọn kejì fi ń jẹ́rìí mọ́ alálàá fúnra rẹ̀.

Pé àlá ìjà wọ́pọ̀, kò tọ́ sí àríyànjiyàn. Calvin Hall àti Robert Van de Castle, àwọn olùwádìí àlá, tẹ ìwé jáde lọ́dún 1966 lórí àlá 1,000 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ní Amẹ́ríkà lá, 500 ti ọkùnrin, 500 ti obìnrin. Ìjà, èébú tàbí ìhalẹ̀ wà nínú ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ti ọkùnrin àti ìdá 44 ti obìnrin. Bí àlá ìjà bá jẹ́ ẹ̀rí ìkórìíra, a jẹ́ pé bí ìdajì fásitì náà ló yẹ ká kó lọ sẹ́wọ̀n.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé gbogbo ìbéèrè ló máa ń dá lórí ẹni tí wọ́n rí lójú àlá. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹni tó sùn ti alálàá pé: ọwọ́ rẹ̀ ha ń fì bí? Ṣé ó ta ẹsẹ̀? Ṣé ó pariwo, àbí ó já bọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì? Ìbéèrè yẹn gan-an ni kókó, ẹ jẹ́ kí n sì fara balẹ̀ sọ ìdí rẹ̀.

Oorun àgbàlagbà a máa yí po. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 sí 90, ó máa ń wọ abala kan tí ẹyinjú á máa sáré kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ló kéde rẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1953. REM ni wọ́n ń pè é. Ó tó ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún oorun wa, inú rẹ̀ ni àlá tó gún régé pọ̀ sí, ó sì máa ń gùn sí i bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ bọ̀. Lásìkò yìí, ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tó lajú. Ó ń pàṣẹ: sáré, fò, gbá a létí. Kí ló dé tí a kì í dìde gbá ẹni tó sùn tì wá létí? Nítorí pé nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ibì kékeré kan wà tó dà bí àgádágodo. Òun ló ń jẹ́ kí iṣan ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ọrùn rọ̀ jọwọrọ. Iṣan ojú àti èyí tí a fi ń mí nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lọ. Àṣẹ ń wá, àmọ́ kò dé ọwọ́.

Bí àgádágodo yìí bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Michel Jouvet, ará Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Lyon, pa ibi kékeré náà run nínú ọpọlọ ológbò. Nígbà tí àwọn ológbò wọnú REM, wọ́n dìde, wọ́n ń yọ́ kẹ́lẹ́ tọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí, wọ́n ń fò mọ́ ọn, wọ́n ń ya á léèékánná. Oorun ni wọ́n ń sùn. Kò sí ológbò tó bá ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe kèéta.

Lọ́dún 1986, Carlos Schenck àti Mark Mahowald ní Minneapolis kọ̀wé nípa èèyàn 5 tí ohun kan náà ń ṣe: ọkùnrin 4 àti obìnrin 1, láti ẹni 60 ọdún dé ẹni 72. Àwọn ọkùnrin náà ń ja ìjà àlá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ṣe ara wọn tàbí ìyàwó wọn léṣe; ti obìnrin náà kò la ìjà lọ. RBD ni àwọn oníṣègùn ń pè é báyìí. Àwọn ọkùnrin tó ti lé ní 50 ọdún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rí dókítà nítorí rẹ̀. Nínú àlá wọn, ẹranko tàbí èèyàn ló sábà máa ń ká wọn mọ́, tí wọ́n á sì máa gbèjà ara wọn tàbí ti ìyàwó. Ẹ̀ṣẹ́ tó yẹ kó ba jàǹdùkú inú àlá á wá ba ìyàwó tí wọ́n ń gbèjà.

Ṣé àwọn èèyàn wọ̀nyí ń fi ìbínú pamọ́ ni? Wọ́n ti wò ó. Lọ́dún 2005, Maria Livia Fantini àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi èèyàn 49 tó ní RBD wé 71 tí kò ní in. Ìjà wà nínú ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún àlá àwọn tó ní in. Ti àwọn yòókù kò ju ìdá 15 lọ. Nígbà tí wọ́n wá wọn ìbínú ojú ọ̀sán, kò sí ìyàtọ̀. Ní ti ká na èèyàn lọ́wọ́ pàápàá, àwọn tó ní RBD ló rọ̀ jù. Mo mọ̀ pé ìwádìí mìíràn jáde lọ́dún 2012 tó ní àlá wọn kò le ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó lè jẹ́ pé èyí tó le ló ń jí wọn, òun ni wọ́n sì ń rántí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ìwádìí yìí, kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti rí ìkùnsínú tí wọ́n ní ó farasin náà.

Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà wá wà níbòmíràn. Ronald Postuma àti ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tẹ̀ lé èèyàn 1,280 tó ní RBD, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2019: ní ìṣirò wọn, bí ọdún 12 bá fi máa pé, ìdá 73.5 nínú ọgọ́rùn-ún á ti ní Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tàbí àìsàn ọpọlọ mìíràn tó bá a tan, irú èyí tó ń mú àgbàlagbà gbàgbé nǹkan. Ìjà ojú oorun lè ṣáájú ọwọ́ gbígbọ̀n ní ọ̀pọ̀ ọdún. A sì mọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe máa ń rí nílé: bàbá ta ẹsẹ̀ lóru, wọ́n ní àna rẹ̀ ló ń bá jà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ní ẹ ò rí i? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí.

Àwọn dókítà wa náà ti kọ ọ́ sílẹ̀. O. F. Aina àti O. O. Famuyiwa kọ̀wé lọ́dún 2007 lórí ohun tí Yorùbá ń pè ní ogun òru, títí kan ọ̀rọ̀ ọkọ tàbí ìyàwó ọ̀run àti oúnjẹ ojú àlá. Wọn kò fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, àmọ́ ohun tó máa ń ṣe ọpọlọ lóru ni wọ́n gbé e sún mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìjà òru ni RBD o. Ọmọdé tó fi igbe ta ní bíi wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tó sùn, tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀, tí kò rántí nǹkan kan láàárọ̀, nǹkan mìíràn ni, ó sì sábà máa ń tán bó ṣe ń dàgbà. RBD máa ń pọ̀ ní ìdájí; bí ẹ bá jí ẹni náà, ojú rẹ̀ á dá wáí, á sì sọ àlá rẹ̀. Ẹni tó bá gé ahọ́n jẹ, tó tọ̀ sára, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́nà kan náà nígbà gbogbo, wárápá ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹni tó ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dúró lè máa jà bí èémí ṣe ń padà. Àwọn ohun tí èèyàn ń lò pẹ̀lú lè fà á: propranolol tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, efavirenz tí ọ̀pọ̀ ti lò fún HIV, àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan, àti ọtí tí èèyàn ṣàdéédé fi sílẹ̀. Ẹ má torí èyí da oògùn yín nù. Ẹ lọ sọ fún ẹni tó kọ ọ́ fún yín.

Mi ò wá sọ pé ọkàn kò bá àlá tan. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹni tí àwọn ajínigbé gbé rí, àlá rẹ̀ lè máa ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe, ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe irọ́. Fún un, ìlànà kan wà tí dókítà oorun Barry Krakow dán wò, tó sì kọ̀wé lé lórí lọ́dún 2001: kọ àlá náà sílẹ̀, yí ibi tó wù ẹ́ nínú rẹ̀ padà, kí o máa ro tuntun náà lọ́kàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo èèyàn. Ó sì ṣeé ṣe kí ìbínú tòótọ́ wọ inú àlá ẹnì kan. Àmọ́ ta ló lè fi àlá nìkan mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á. Kó ṣáà má dárúkọ ìyá ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá jẹ́ pé ara ń bá àlá jà nílé yín, ẹ kó àdá, ọ̀bẹ, ìgò àti àtùpà kúrò nítòsí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ òní. Ẹ gbé mátírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, ẹ tẹ́ tìmùtìmù sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ìyàwó sì sùn lọ́tọ̀ ná. Ẹ fi fóònù ya fídíò láti nǹkan bí aago 3 títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá. Òun náà ló lè sọ bóyá oògùn bíi clonazepam tàbí melatonin yẹ. Ẹ má ra clonazepam fúnra yín, ó lè gbé àgbàlagbà ṣubú, ó sì lè dá kún wàhálà ẹni tó ń hanrun. Nígbà tó bá ń jà lọ́wọ́, ẹ má dì í mú, ẹ̀yin lẹ máa di ọ̀tá inú àlá. Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti pe orúkọ rẹ̀ títí á fi dáhùn.