Òwú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀: bí òwò àbẹ́là ìda ṣe ń rìn ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò àbẹ́là lásìkò yìí, gíláàsì tó rẹwà àti òórùn dídùn ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ rà. Tẹ́ ẹ bá bi í pé òwú àárín àbẹ́là tí iná ń jó lórí ẹ̀ ńkọ́, á ní èyíkéyìí tó bá ti wà lọ́jà náà ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí gíláàsì lè mú kí èèyàn ra àbẹ́là lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ tó bá délé tó tàn án tí iná ẹ̀ ń kú fúnra ẹ̀ kó tó pé wákàtí kan, àbí tó ń kun ògiri pálọ̀ dúdú, ó parí nìyẹn, kò ní padà wá, á sì tún ròyìn fáwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Bí àbẹ́là ṣe ń jó rèé. Iná tó wà lórí òwú ló ń yọ́ ìda tó yí i ká, ìda tó yọ́ yẹn á máa gba inú òwú gòkè bí ìgbà tí etí aṣọ bá kan omi tí omi sì ń gun aṣọ lọ, tó bá dé òkè níbi tó gbóná jù á di oru, oru yẹn ni iná ń jẹ. Òwú fúnra ẹ̀ ń jó díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ni oúnjẹ iná, ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọlé ni. Nítorí náà bí ọ̀nà yẹn bá ti há jù, ebi á máa pa iná: á gbẹ́ kòtò sáàárín àbẹ́là, ìda ẹ̀gbẹ́ gíláàsì á dúró gbọin láì yọ́, nígbà tó bá yá ìda yíyọ́ á ri òwú mọ́lẹ̀, iná á kú. Bí ọ̀nà bá sì fẹ̀ jù, ìda tó ń gòkè á pọ̀ ju èyí tí iná lè jẹ tán lọ, èéfín dúdú á máa rú, èédú róbótó á jókòó sórí òwú, gíláàsì á gbóná débi pé ó lè là. Àwọn tó ń sọ pé páráfíìnì, ìyẹn ìda tó ń wá látara epo rọ̀bì, nìkan ló ń rú èéfín, irọ́ ni, ìda oyin náà máa rú u tẹ́ ẹ bá fún un ní òwú tó sanra jù.

Láyé àtijọ́ èèyàn ní láti jókòó ti àbẹ́là pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì kó máa gé orí òwú kó má baà gùn jù. Lọ́dún 1825 ni ará Faransé kan tó ń jẹ́ Cambacérès gbé òwú híhun jáde, ìyẹn òwú tó máa ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń jó, kí iná lè máa jó orí yẹn dànù fúnra ẹ̀. Irú òwú híhun yẹn la ṣì ń lò títí dòní, kọ́tọ̀n, ìyẹn òwú inú oko, ló sì yẹ kó jẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òwú ìránṣọ lọ́jà, rọ́bà ló pọ̀ nínú ẹ̀, kò ní fa ìda. Ẹ gé díẹ̀ nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ ṣáná sí i: tó bá di eérú fúlọ́fúlọ́ tó sì ń rùn bí aṣọ jíjó, kọ́tọ̀n ni, tó bá ká wọnú ara ẹ̀ tó wá di kókó dúdú líle kan lẹ́nu ibi tó ti jó, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á.

Ó wá kan ìda. Lágbègbè wa, èyí tó ṣeé rí láìjẹ́ pé èèyàn ń wo ojú dọ́là ni ìda oyin. Àwọn tó ń sin oyin àtàwọn tó ń fi iná lé e jáde nínú igbó lápá Ìjẹ̀bú-Igbó àti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, oyin ni wọ́n wá, ọ̀pọ̀ wọn tí wọ́n bá ti fún afárá tán ńṣe ni wọ́n ń dà á nù. Ẹni tó bá ti bá wọn sọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n máa kó afárá yẹn jọ fóun, ó ti rí ìda tí kò gbówó lórí jù. Ìda ò sì ṣàjèjì sí Ìjẹ̀bú o, ṣebí òun làwọn tó ń rọ idẹ fi ń mọ ère kí wọ́n tó fi amọ̀ bò ó, tí wọ́n á wá fi iná yọ́ ìda yẹn jáde kí idẹ lè gba àyè ẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe edan, ère idẹ àwọn ẹgbẹ́ Òṣùgbó.

Láti fọ afárá, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi kí oyin tó kù lára ẹ̀ lè kúrò, ẹ wá kó o sínú àpò aṣọ tí kò fún pọ̀ jù, ẹ so ẹnu ẹ̀, ẹ gbé e sínú ìkòkò omi òjò lórí iná jẹ́jẹ́. Ẹ má lo ìkòkò irin, torí irin máa ń sọ ìda di dúdú, sítẹ́nlẹ́ẹ̀sì ló dáa jù. Ìda á yọ́ jáde nínú àpò, á léfòó, ìdọ̀tí á sì kù sínú aṣọ. Tó bá ti tutù di ọjọ́ kejì, ẹ máa bá ìda lójú omi tó ti dì pẹrẹsẹ, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á ní nǹkan dúdú kan tó rí ṣákaṣàka, ẹ fi ọ̀bẹ ha ìyẹn kúrò, ẹ tún un yọ́ lẹ́ẹ̀kejì kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ.

Tó bá jẹ́ pé rírà lẹ fẹ́ ra ìda tó ti mọ́, ẹ la ojú o, torí ó ń gbówó lórí, wọ́n sì ń pò ó. Àwọn kòkòrò oyin máa ń jẹ tó oyin kílò 6 sí 8 kí wọ́n tó lè ṣe ìda kílò kan, ìyẹn lẹ fi máa mọ̀ pé ẹni tó bá ń tà á ní ọ̀pọ̀ yanturu bíi páráfíìnì, nǹkan wà ńbẹ̀. Ìda gidi máa ń rùn bí oyin, tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ nígbà tó tutù inú ẹ̀ á rí hóró-hóró, á sì máa yọ́ láàárín 62 sí 64 dígírì. Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun tó máa ń hù lára ẹ̀ tó bá pẹ́ nílẹ̀, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́, aṣọ ni kẹ́ ẹ fi nù ún.

Àwọn kan máa ń bèèrè pé ṣebí àdín àti epo pọ̀ nílẹ̀ yìí, kí ló dé tí wọn ò fi ṣe é. Àdín nìkan ò lè dúró, 27 dígírì tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn ló ti ń yọ́, ìyẹn ni pé nígbà ọyẹ́ láàárọ̀ á le, tó bá di ọ̀sán ní Ṣágámù ẹ lè dà á mu. Àmọ́ ó dáa láti pò mọ́ ìda oyin tó bá jẹ́ pé inú gíláàsì lẹ ń dà á sí, ìdá mẹ́ta ìda sí ìdá kan àdín tàbí òróró àgbọn, torí ìda oyin nìkan le jù, kì í fẹ́ yọ́ dé etí gíláàsì. Epo pupa ní tiẹ̀, apá ibi tó máa ń dì sísàlẹ̀ kẹ̀ẹ̀gì ni wọ́n ń yọ fi ṣe àbẹ́là, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ kíṣìnì. Ó kàn jẹ́ pé ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni: ní nǹkan bí ọdún 1850, àwọn ilé iṣẹ́ bíi Price's ní London ń ra epo láti ìhà tiwa yìí fi ṣe àbẹ́là, ọ̀nà tí ọjà fi ń gba Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó ló sì wà lára ohun tó dá ogun Ìmàgbọn, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà, sílẹ̀ lọ́dún 1892. Ìda tó ń wá látara ẹ̀wà sóyà ní tiẹ̀ rọrùn láti lò, ó ń gba òórùn dáadáa, àmọ́ òkè òkun ló ti ń wá, bí dọ́là bá ṣe fò náà ló máa ń fò. Ó sì tún rọ̀, 50 dígírì lọ sókè díẹ̀ ló ti ń yọ́, mọ́tò tí wọ́n pa ilẹ̀kùn ẹ̀ dé lójú oòrùn lè gbóná kọjá ìyẹn, torí náà ẹni tó bá ń kó o ránṣẹ́ sí Èkó, kó jẹ́ mọ́tò àárọ̀ kùtù.

Iṣẹ́ gan-an ò gùn. Síkéèlì àti tẹmomítà ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ojú ni wọ́n fi ń wọn ìda. Ìkòkò kékeré tó ní ìda nínú á jókòó sínú ìkòkò ńlá tó ní omi, ẹ ò gbọdọ̀ gbé ìda lé iná gáàsì tààrà, tó bá sì ṣèèṣì gbiná, ẹ má da omi sí i láéláé, omi máa fọ́n iná yẹn ká gbogbo kíṣìnì ni, ẹ dé ìkòkò pa kẹ́ ẹ sì pa gáàsì. Tí ìda bá ti yọ́ tán tó gbóná tó 80 dígírì, ẹ gbé e kúrò lórí iná, ẹ da òróró olóòórùn sí i, gíráàmù 60 sí 80 fún ìda kílò kan, ẹ rò ó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Kì í ṣe lọ́fínńdà tí wọ́n ń fín sára o, ọtí ló pọ̀ nínú ìyẹn, á gbẹ tàbí kó gbiná. Kì í sì í ṣe ewé tíì tàbí ẹfinrin tí wọ́n sá gbẹ, ewé inú àbẹ́là á di òwú kejì, á jó. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀fọn lẹ fẹ́ lé, òróró tí wọ́n yọ lára ewé yẹn lẹ máa wá.

Òwú á ti wà nílẹ̀ nínú gíláàsì, irin pẹlẹbẹ ìdí ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, orí ẹ̀ wà láàárín igi méjì tó dúró lórí etí gíláàsì kó má baà tẹ̀. Ẹ mú gíláàsì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó dà á. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ pa fáànù, ẹ ti wíńdò, torí ìda oyin tó bá tutù kíákíá á sán láàárín. Tó bá ti dì, ẹ gé òwú kó ku ìwọ̀n mìlímítà 6. Ti sóyà tó ní òórùn, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kẹ́ ẹ tó tà á, òórùn ẹ̀ á túbọ̀ jáde.

Ìdánwò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, òun sì ni òwò gan-an. Ẹ mú gíláàsì kan náà mẹ́ta, ìda kan náà, òwú ìwọ̀n mẹ́ta, ẹ kọ nọ́ńbà sára wọn, ẹ tàn wọ́n. Bí ẹnu gíláàsì bá fẹ̀ tó ínṣì mẹ́ta, ó yẹ kí ìda ti yọ́ dé etí láàárín wákàtí mẹ́ta, tó bá ṣẹ́ kù tó pọ̀, òwú yẹn tín, tó bá jẹ́ pé wákàtí kan àbọ̀ ló ti dé etí tí adágún ẹ̀ sì jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ó nípọn. Ẹ pa á lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ẹ tún un tàn lọ́jọ́ kejì, títí tó fi máa jó dé ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni gíláàsì ti máa ń gbóná jù. Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ ohunkóhun, ì báà jẹ́ òórùn nìkan, ẹ tún un dán wò. Ó ń ná èèyàn lówó, a mọ̀, ẹ kà á mọ́ owó ọjà.

Ta ló wá ń rà á? Kì í ṣe ẹni tí NEPA mú iná lọ o, ìyẹn ti ní iná sólà àti tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọjà tó pọ̀ jù, pàápàá àwọn aládùúrà tó ń tàn án lójoojúmọ́, àmọ́ páálí páráfíìnì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń wá, ìda oyin ò lè bá ìyẹn díje, kí ẹni kékeré má wulẹ̀ bọ́ sínú ìjà yẹn. Ibi tí owó wà ni ẹ̀bùn tí wọ́n ń pín níbi ayẹyẹ: ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún, àti Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, kọ̀ọ̀kan ń wá nǹkan tó máa yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ tó kù. Ẹgbẹ́ kan lè gba igba ẹyọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ lára ẹ̀ àti àwọ̀ aṣọ wọn. Oṣù méjì ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti lọ bá wọn, ẹ sì gba ìdajì owó sílẹ̀, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Hòtẹ́ẹ̀lì àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe irun àti ara náà ń rà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rà ṣùgbọ́n wọ́n ń padà wá.

Owó ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é. Ìda kílò kan ń kún gíláàsì márùn-ún tó ń gba gíráàmù 200. Ká ní ìda inú gíláàsì kan jẹ́ 1,800 náírà, gíláàsì 900, òwú àti irin ẹ̀ 150, òróró olóòórùn 600, páálí àti sítíkà 350, ìyẹn ti di 3,800. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń dúró. Ẹ fi gáàsì àti ọkọ̀ 400 sí i, ẹ fi 400 sí i fún èyí tẹ́ ẹ dán wò àti gíláàsì tó fọ́, ẹ fi owó iṣẹ́ ọwọ́ yín 900, ó di 5,500. Ẹni tó bá ń tà á ní 5,000 torí pé ẹnì kan lọ́jà Òkè-Àjẹ̀ ní kó bá òun dín in kù, ńṣe ló ń san owó fún kọ́sítọ́mà. Ọlọ́pọ̀ lè gbà á ní 6,500, ẹlẹ́yọ kan 9,000, kí ṣọ́ọ̀bù tó ń bá yín tà á lè rí tiẹ̀ jẹ. Ìjẹ̀bú mọ owó ná, àmọ́ wọ́n tún mọ ọjà tó dáa.

Lára sítíkà, ẹ kọ gíráàmù, ohun tó wà nínú ẹ̀ ní tòótọ́, kí wọ́n gé òwú kí wọ́n tó tàn án, kí wọ́n má jẹ́ kó jó kọjá wákàtí mẹ́rin, kí wọ́n gbé e jìnnà sí kọ́tìnì wíńdò àti ọmọdé. Tó bá jẹ́ pé ìda oyin àti àdín ni, ẹ má kọ ìda oyin nìkan. Ẹ má sì kọ pé ó ń wo ikọ́ fée tàbí pé ó ń fọ atẹ́gùn mọ́, àbẹ́là ni, kì í ṣe àgbo. Tí ọjà bá ti ń rìn, ẹ lọ forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, torí hòtẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ san owó sí àkáǹtì máa bi yín.

Ìda tó bá ṣẹ́ kù sínú ìkòkò, ẹ má fi omi gbígbóná ṣàn án sí gọ́tà, ibi tó bá ti tutù ló máa dì sí, á dí i pa. Ẹ fi bébà nù ún nígbà tó ṣì gbóná, ẹ fi bébà yẹn dáná èédú. Èyí tó bá mọ́, tí kò ní òórùn nínú, ẹ gé e ní ẹyọ kéékèèké kẹ́ ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń rán bàtà, ìda ni wọ́n fi ń pa òwú kó má baà tètè já, wọ́n á rà á lọ́wọ́ yín.