Ta Ní Ń Yan Àdúgbò Tí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ńlá Ń Lọ Ràn Lọ́wọ́?

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti so àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pọ̀ mọ́ àwọn àdúgbò ní Èkó kì í pẹ́ gbọ́ ìbéèrè kan: ǹjẹ́ iṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, ti ilé-iṣẹ́ epo àti ti tẹlifóònù máa ń ṣe lọ́dọọdún ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó nílò rẹ̀ jù lọ? Èrò tèmi ni pé ó lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe é lọ́wọ́ báyìí, kì í sábà dé ibẹ̀, nítorí pé wọ́n ti yan ibi tí iṣẹ́ náà yóò ti wáyé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ibi tí ìyà ti pọ̀ jù.

Bí wọ́n ṣe ń yan ibi náà kò fara sin. Olú ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ ní Marina, Ìkòyí àti Victoria Island. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń yọ̀ǹda fún òṣìṣẹ́, ọjọ́ náà sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí àsìkò tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan kan: ọjọ́ àyíká lágbàáyé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọjọ́ ìfowópamọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, tàbí ọjọ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá. Wọ́n ń wá ibi tí bọ́ọ̀sì lè wọ̀, tí ó ní ọgbà àti géètì, tí ó ní ọ̀gá kan tí yóò fọwọ́ sí ìwé, tí àwọn ayàwòrán yóò sì ríbi dúró sí. Ilé-ìwé ìjọba tí ó wà létí títì ńlá ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ilé-ìwé kékeré tí àwọn ará Màkókó fúnra wọn dá sílẹ̀ lórí omi, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló ń gbé ènìyàn dé ibẹ̀, kì í sí nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti ń yan ibi rárá.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé a kò mọ ibi tí àìní wà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1980 ti ka àdúgbò 42 ní Èkó tí ìgbé-ayé ibẹ̀ ti burú jáì. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ìlú ní ọdún 2006, wọ́n mú mẹ́sàn-án nínú wọn, lára èyí tí Ajégúnlẹ̀, Àmùkòkò, Bàdíà, Bàrígà, Ìwáyà àti Màkókó wà. Orúkọ wọn wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Ohun tí ó ń lé àwọn ilé-iṣẹ́ sá fún irú ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé orí omi ní Màkókó. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, wọ́n wó ilé àwọn ará Bàdíà Ìlà-Oòrùn, bẹ́ẹ̀ Bàdíà wà lára àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ṣe. Bí orúkọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́, yóò béèrè ìwé ilẹ̀, yóò sì gba ọ̀gá rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n wá ibòmíràn, kí ọ̀ràn wọn pẹ̀lú ìjọba má baà di wàhálà. Báyìí ni ohun náà gan-an tí ó sọ àwọn ènìyàn yìí di aláìní jù lọ, ìyẹn pé wọn kò mọ̀ bóyá ilé wọn yóò wà níbẹ̀ lọ́la, ṣe tún di ìdí tí ìrànwọ́ fi ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí púpọ̀, nítorí pé kò sí ẹni búburú kan tí a lè nàka sí. Olúkúlùkù ló ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Àwọn kan gbà pé òfin ló lè tún un ṣe. Íńdíà ti gbìyànjú rẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ wọn ti ọdún 2013 sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi dé ìwọ̀n kan láti máa ná ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn fún àǹfààní àwùjọ. Owó náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ ro ti agbègbè tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà púpọ̀ rẹ̀ ń kó jọ sí ìpínlẹ̀ ọlọ́rọ̀ bíi Maharashtra, nígbà tí ìwọ̀nba kékeré ń dé àwọn ìpínlẹ̀ ìhà àríwá-ìlà-oòrùn.

Àṣìyàn kò mọ sí ibi tí a ń lọ; ó kan ohun tí a ń ṣe níbẹ̀. Ẹ wo ògiri kíláàsì kan ní àdúgbò tí omi òjò ti máa ń dúró, bí Ajégúnlẹ̀. Láti ilẹ̀ dé bí orókùn ọmọdé, ògiri náà ti dúdú, ó tutù bí a bá fọwọ́ kàn án, iyọ̀ funfun sì ti yọ sójú sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Omi inú ilẹ̀ ló ń gun ògiri náà bọ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda yóò dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, wọn yóò fi tọkàntọkàn kun ún ní ọ̀dà, wọn yóò sì ya àwòrán kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì padà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ògiri tútù. Omi inú rẹ̀ ń wá ọ̀nà jáde, yóò sì máa ti ọ̀dà náà síwájú títí yóò fi wú tí yóò sì bó, kí òjò ọdún kan tó parí. Ohun tí ògiri yẹn ń fẹ́ ni gọ́tà tí yóò gbé omi kúrò lẹ́yìn kíláàsì, kí wọ́n sì ha sìmẹ́ǹtì àtijọ́ kúrò, kí wọ́n fi èyí tí omi kò lè gbà kọjá rẹ́ ẹ. Iṣẹ́ bíríkìlà ni, bíríkìlà sì wà ládùúgbò náà tí ń wá iṣẹ́. Owó ẹ̀wù olórúkọ ilé-iṣẹ́, owó bọ́ọ̀sì, oúnjẹ àti ayàwòrán ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gọ́tà náà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Síbẹ̀, n kò fara mọ́ èrò àwọn tí ó sọ pé kí òṣìṣẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì kí ilé-iṣẹ́ kàn fi owó ránṣẹ́ lọ. Ìmọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ yìí ní ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n lọ́jà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ń bójú tó kànga ẹ̀rọ àdúgbò wọn, wọ́n sì ń ta omi fún ará ilé. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ tí ń fa omi bá bàjẹ́ ni wọ́n máa ń tọ olóṣèlú lọ, nítorí pé owó tí ń wọlé ń bá owó epo jẹnẹrétọ̀ lọ láìsí ẹni tí ó mọ iye tí ó ṣẹ́kù. Òṣìṣẹ́ báńkì kan tí ó mọ ìṣirò owó ń wá jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ Sátidé fún oṣù bíi mélòó kan. Ó fa ilà sí ìwé wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: owó omi tí a tà lónìí, owó epo, àti owó tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn àfi fún àtúnṣe. Nígbà tí ẹ̀rọ náà tún dákẹ́, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n rí owó, wọ́n sì pe atúnṣe fúnra wọn. Kò sí ayàwòrán níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Màkókó láti ọdún 2019. Àdúgbò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lórí máàpù tẹ́lẹ̀, títí wọ́n fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ láti máa fi dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tí ń fò tí ó sì ń ya àwòrán láti òkè, ya ojú omi àti ọ̀nà wọn. Ẹnjiníà tí ó mọ bí a ti ń wọn ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún gọ́tà. Agbẹjọ́rò lè bá wọn to ìwé ilẹ̀ wọn jọ.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí wọ́n máa ń kó lọ, ẹ béèrè ní ìpàdé pé ta ni ó dárúkọ àdúgbò yìí, kí ni àwọn ará ibẹ̀ sọ pé àwọn fẹ́, àti pé ta ni yóò padà wá wò ó lẹ́yìn òjò. Ẹ béèrè nípa àsìkò pẹ̀lú. Oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni kíkó ìdọ̀tí gọ́tà ń wúlò ní Èkó. Bí a bá dúró de ọjọ́ àyíká ní oṣù Kẹfà, àgbàrá ti wọ yàrá àwọn ènìyàn.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí a ń pè ní CDA, ẹ má dúró títí àwọn ilé-iṣẹ́ yóò fi mú ètò tiwọn wá bá yín. Ẹ ṣe ìpàdé tí obìnrin, ayálégbé àti ọ̀dọ́ wà níbẹ̀. Ẹ kọ ìṣòro kan péré sínú ìwé ojú-ewé kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fẹnu kò, iye tí oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò ní yóò ná yín, ohun tí ẹ̀yin fúnra yín yóò dá, àti orúkọ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá fi ọ̀dà lọ̀ yín nígbà tí gọ́tà lẹ ń fẹ́, ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé gọ́tà lẹ ń fẹ́, kí ẹ sì nawọ́ ìwé náà sí wọn. Èyí tí ó sàn jù ni kí ẹ ti mú un dé ọ́fíìsì wọn ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀.