Òkè-Ẹ̀rí, ìletò tó ń ṣọ́ ibojì Súngbọ́

Òkè-Ẹ̀rí ò tóbi. Ìletò àgbẹ̀ ni, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń yan gààrí bíi gbogbo ará oko Ìjẹ̀bú. Àmọ́ kì í ṣe tìtorí gààrí ni àlejò ṣe ń lọ síbẹ̀. Ibojì kan nínú igbó ni wọ́n ń wá, ibojì Bílíkísù Súngbọ́.

Opó olówó ni Súngbọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń pìtàn rẹ̀. Owó wà, ọmọ ò sí. Ta ni yóò wá sin ín, ta ni yóò máa pe orúkọ rẹ̀? Ló bá ní kí àwọn ẹrú òun wa yàrà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Yàrà ọ̀hún là ń pè ní Erédò. Wọ́n wa ilẹ̀ pupa, wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ sí etí yàrà títí ó fi di odi. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20 láwọn ibìkan, gígùn rẹ̀ sì tó kìlómítà 160.

Àwọn kan ní Súngbọ́ yìí ni Ayaba Ṣébà tó lọ bẹ Ọba Sólómọ́nì wò. Èmi ò gbà. Orúkọ ló fa ọ̀rọ̀ náà. Kùránì sọ ìtàn ayaba yẹn nínú Súúrà An-Naml láìdárúkọ rẹ̀. Àwọn onítumọ̀ Kùránì ló pè é ní Bílíkísù. Ẹ̀yìn ogun Ìmàgbọn ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ni Ìsìláàmù sì wá gbilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Lójú tèmi, Súngbọ́ ti wà tipẹ́ kí orúkọ Bílíkísù tó wá bá a. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn tó wọn yàrà náà, ní ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ fà á wá sí nǹkan bí ọdún 1400. Ẹ mú èyí tó bá wù yín, Sólómọ́nì ti kú tipẹ́tipẹ́.

Èèwọ̀ ibojì náà pọ̀. Wọ́n ní ajá tó bá wọ ibẹ̀ yóò kú. Obìnrin kì í sì í wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló ni ibojì! Ìyẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mùsùlùmí ń lọ, onígbàgbọ́ ń lọ, oníṣẹ̀ṣe náà ń lọ.

Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi Erédò sínú orúkọ àwọn ibi tó fẹ́ kí àjọ UNESCO fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Igbó ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀, títì sì ti gé e láwọn ibìkan; ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ń wakọ̀ kọjá níbẹ̀, wọn ò mọ̀ pé odi Súngbọ́ ni.